Ẹ̀yìn Ìyá Mi Lọ́nà Dùgbẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí wọ́n ń gbé mi pọ̀n, Agbowó kò rí bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Ilẹ̀ pupa ni, koríko ga ju ènìyàn lọ, a sì máa ń gbọ́ ohùn àparò láàárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Èmi tí ẹ rí yìí, tí ṣọ́ọ̀bù táyà mi gba odindi igun ọ̀nà ní Challenge, ìwé kékeré ni mo kà, àmọ́ orí mi gba nǹkan dúró ju ti àwọn tó lọ sí yunifásítì lọ.

Mo pẹ́ kí n tó rìn dáadáa, torí ẹsẹ̀ mi kan kò lágbára. Ìgò òfìfo ni ìyá mi ń rà káàkiri, tí wọ́n ń lọ tà ní Dùgbẹ̀. Igbá ìgò á wà lórí wọn, èmi á wà lẹ́yìn wọn, láti Agbowó, ó di Sángo, ó di Mọ́kọ́lá. Mo ti ń dàgbà nígbà náà o! Ẹsẹ̀ mi á máa fì dirodiro bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Onígò, ẹ sọ ọkọ yín kalẹ̀ kó rìn! Irùngbọ̀n rẹ̀ ti fẹ́ máa gún yín lẹ́yìn!" Ìyá mi á ní, "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀, ẹ lọ pọn tiyín." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìgò á máa dún lórí wọn.

Kí n tó tó ẹni tó ń lọ sílé-ìwé, wọ́n kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, òjò pa á, ó bà á jẹ́.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ fi àwòrán sọ ìtàn Ìbàdàn, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri fún aráàlú. Fọ́tò àtijọ́ kò tó, nítorí náà ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni yóò yà á. Ohun téèyàn bá sọ fún un ló ń yà. Mo ní, "Ibi tó yẹ kó o wá lo wá yìí. Ìyá mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́." Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: ìyá mi pọ̀n mí lọ sí Dùgbẹ̀.

Àwòrán jáde. Obìnrin kan ru garawa omi, ó ń lọ lójú títì. N kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Èmi dà?"

Ọmọ mi wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Dádì. N kò fi àmì ohùn sí i. Ó rò pé ẹ ní wọ́n pọnmi ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ tí kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí omi, ṣé òun lẹ fẹ́ fi sọ ìtàn Ìbàdàn? Àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú mi.

Ó fi àmì sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo wà lẹ́yìn wọn, tẹsẹ̀ gbọọrọ tẹsẹ̀ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ń dán bí ojú inú kàlẹ́ńdà. Mo pariwo pé, "Àwọn kọ́ nìyẹn!"

Ọmọ mi ní, "Ó dáa, Dádì. Báwo ni ojú wọn ṣe rí? Ẹ máa sọ ọ́, màá tẹ̀ ẹ́."

Mo la ẹnu. Mo rántí ọrùn wọn, bí òógùn ṣe ń ṣàn lọ sínú ọ̀já. Mo rántí òórùn òrí lára wọn. Mo rántí ohùn wọn tó máa ń gba ẹ̀yìn wọn wọ inú àyà mi. Ojú wọn, mo wá a títí, n kò rí i. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà.

Àgbà ní ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọn kò sọ fún wa pé kì í rí ojú ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Yí wọn padà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa."

Ayé ti yàtọ̀. Lóde òní, wọn kò tíì wẹ ọmọ tuntun tán tí fóònù ti wà lójú ẹ̀ àti lójú ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dúró báyìí níwájú ògiri tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí, tí wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ìyá yìí kò kọjú sí wa. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹrù ló wúwo, wọn kò lè bojú wẹ̀yìn.