Ìkíni Tí Mo Dáhùn

Títí dòní, bí òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta bá ti gbá mi nímú, Ìlọ́fà lọkàn mi máa ń sá lọ. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí inú fóònù, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí bá ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì tan ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ó dùn, àbí kí n máa purọ́? Iṣu sísun àti epo ni wọ́n ń fún wa lọ́sàn-án, àgbà ọlọ́pàá sì ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìyá kan ti wá láti Odò-Ọwá sí àgọ́ wa ní Òsi. A ti mú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, télọ̀ ni, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó èèyàn jọ náà. Ìyá yìí tú fóònù ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sílé jáde nínú ìró. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí, ẹ wò ó. Ọmọ mi ní òun ò lọ." Lóòótọ́, mo rí i níbẹ̀: "Mi ò wá. Ẹ má pè mí mọ́."

Ibi tí mo ti ń kà á lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́tàn tí ọmọ náà kọ̀ fún yẹn: "Àbúrò, o kú àárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí kò dáhùn ìkíni kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbá èèyàn létí. Ìka mi ti tẹ̀ ẹ́ kí orí mi tó mọ̀: "Àlàáfíà ni sà. Ẹ kú àárọ̀." Mo pa fóònù dé, mo ní kò sóhun tó ṣe.

Àfi ọjọ́ kejì ní Ìlọ́fà. Obìnrin agbẹjọ́rò tó ń kọ́ wa, ọmọdé sí mi dáadáa, gbé fóònù kan sórí tábìlì. "Kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fà á lé yín lọ́wọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹnu ẹni tó ni fóònù lẹ fi sọ ọ́ yẹn."

Yéè! Ọmọ tó ti kọ̀ fún wọn, èmi ti sọ ọ́ di ẹni tó tún padà bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ tí a mú un. Bí mo bá dákẹ́, yóò ṣẹ̀wọ̀n. Bí mo bá sọ ọ́, ìgbéga tí mo ti ń retí láti ọdún mélòó kan wá lè bọ́.

Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ tún pè é ní sà!" Agbẹjọ́rò náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Àṣìṣe tá a kọ sílẹ̀ kì í pa ẹjọ́. Èyí tá a bò mọ́lẹ̀ ló ń pa á."

Wọ́n ka ìwé náà ní kóòtù, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bí ó ti yẹ, adájọ́ sì dá ọmọ náà sílẹ̀. Ìgbéga bọ́ lóòótọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, kò sì sí ìyìn kan tí mo rántí lẹ́nu iṣẹ́ náà bí ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn bá mi sọ níta kóòtù, tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin: "Ẹ̀yin lẹ tì í sí kòtò. Ẹ̀yin náà lẹ ò jẹ́ kó kú síbẹ̀."