Ilé Pákó Tí Mo Gbé Sẹ́yìn Ọkọ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú pákó kún irun mi, tó kún ẹ̀wà tí mò ń jẹ, tí mo sì rò pé káfíńtà ni mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Cheverly ní Amẹ́ríkà la ń gbé, ìyàwó mi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ alẹ́ lé tọ̀sán. Bó bá fẹ́ sùn, fóònù ò ní gbà: ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ti ru ní Temple Hills, ẹsẹ̀ ẹnìkan ti wú nínú ìjọ, òun ni dókítà gbogbo wọn. Ó rù débi tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Nígbà tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo ní dandan ni kó sinmi: màá kọ́ yàrá sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi, màá sì gbé e lọ sórí òkè tí fóònù ò ti ní dún.

"Daddy," ìyàwó mi bi mí, "ṣé ká lè máa sùn nínú mọ́tò la ṣe gba visa?"

Pákó fẹ́lẹ́ làwọn òyìnbó fi ń kọ́ irú ẹ̀. Èmi kọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ilé tí mo bá kọ́, olè ò gbọdọ̀ lè fọ́ ọ. Pákó tó ki ni mo fi ṣe ògiri, mo de irin mọ́ fèrèsé, mo gbé ilẹ̀kùn tó yẹ ààfin sí i. Mo tún kan àga gígùn fún àlejò. Àlejò wo ló ń bọ̀ lórí òkè? Ẹ má bi mí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ń kó sílé tuntun láìṣí i? Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo pe alàgbà ìjọ wa láti Lake Arbor kó wá gbàdúrà. Bàbá kó àwọn bàbá ìjọ dání, kò sì sẹ́ni tó rù nínú wọn.

"Ẹ wọlé jàre," bàbá ní. "We must possess it! Gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀ la máa fẹsẹ̀ tẹ̀."

Gbogbo wọn wọlé, àti kúlà ìrẹsì. Wọ́n kọrin, wọ́n ń fò sókè. Bàbá ní ká ṣe Àmín tó máa dún dé ọ̀run. Kó tó dé ọ̀run, sípíríǹgì ọkọ̀ ti dáhùn. Gbàgà! Ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀, ìrẹsì dà sórí alàgbà.

"It is well, brother," bàbá ní, ó ń gbọn ìrẹsì kúrò ní fìlà. "Ọ̀tá ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ."

Ọ̀tá kọ́, ilẹ̀kùn ààfin ni. Makáníìkì ní ọkọ̀ náà ò lè gbé ilé yẹn dé ìkángun àdúgbò, ká má tíì sọ orí òkè. Inú mi bàjẹ́ gidigidi; ìsinmi tí mo ṣèlérí fún obìnrin yìí ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó tibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó wo ọkọ̀ náà. Ó fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó wọ inú ilé pákó, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún. "Ó ti rìnrìn àjò," ni mò ń sọ, "ibẹ̀ ò ní network." Àwọn tó wá kanlẹ̀kùn ilé wa gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, wọn ò fura. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ó sùn títí tí mo fi lọ gbé etí sí ògiri bóyá ó ṣì ń mí. Ó ń hanrun.

A ti ta ọkọ̀ yẹn. Ilé pákó wà lẹ́yìnkùlé wa lórí bíríkì, wọ́n sì ti fi mí jẹ díákónì. Irọ́ yẹn ni mo ṣì ń pa nígbàkigbà tí ìyàwó mi bá wọ inú ẹ̀, mi ò sì tíì ronú pìwà dà. Bí mo bá dé ọ̀run tí wọ́n bi mí léèrè, màá ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ń sùn.