Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Fẹnu Dìbò

Mò ń fa epo sínú mọ́tò ní Garland, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà tí tíṣà ọmọ mi pè. Ó ní àwọn ń kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń yan gómìnà nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Láwọn ìpínlẹ̀ kan, kò sí ìwé ìbò, kò sí àpótí. Olùdìbò á dìde láàárín èrò, á fẹnu ara rẹ̀ pe ẹni tó fẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wá ń fi ṣeré. Nígbà tó kan ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà. Wọ́n wá a, wọn ò rí i.

N ò mọ̀ bóyá mo dé ọmọrí táǹkì kí n tó gbéra. Gbogbo ohun tí ìyá ń gbọ́ nípa àwọn tó ń yìnbọn nílé-ìwé nílùú yìí ló ń pariwo létí mi. Mo tún rántí fíríwèé, ọ̀nà márosẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn, bí mọ́tò ṣe ń sáré lọ lórí ẹ̀. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó ti jáde.

Mo mọ ohun tó lé e. Nílé wa, òfin ni: ọwọ́ tẹ̀ka, ẹnu dákẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé lọ́hùn-ún, bàbá mi fọ́nnu nípa ẹni tó tẹ̀ka fún níbi ìbò gómìnà. Àwọn tọ́ọ̀gì dá a lápá lójú wa. Ọmọ mi mọ ìtàn yẹn látòkèdélẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, mò ń lọ káàkiri ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé-ìwé, mò ń ké ní Yorùbá: "Ọkọ mi, èmi rèé o! Ìyá ẹ ni!"

Ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí rọra ṣí.

"Mọ́mì, ṣé àwọn tọ́ọ̀gì ti lọ?"

Tíṣà tó tẹ̀lé mi, tí ò gbọ́ Yorùbá, bi mí pé kí ló wí. Mo ní omi ló fẹ́ mu.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé, "Ta lo tiẹ̀ fẹ́ yàn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ!"

Ẹ̀rín pa mí, omijé sì bọ́ lójú mi. Mo ní: "Ẹnikẹ́ni ò ní dá ẹ lápá nítorí ìbò kíláàsì. Mi ò lè búra pé aburú ò sí níbí, irọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá bi ẹ́, o lè dáhùn, o sì lè ní o ò fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n tẹ́rù bá bà ẹ́, má sá pamọ́ fún mi mọ́. Pariwo, kí n lè mọ ibi tí màá gbà wá."