Ta Ni Bàbá Jùwọ́nlọ Ń Gúnyán Fún?

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó ń bá rédíò jà, ẹ wá sí Ìtàjí, kí ẹ béèrè Akínwùmí, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Jùwọ́nlọ là ń pè é. Bí oníròyìn bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o," á dáhùn, "Káàárọ̀, ṣé dáadáa lo jí?" Bí ìyẹn kò bá fèsì, á bínú pa rédíò, á sì tún tàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, torí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ti kú. Jùwọ́nlọ wà ní Àbújá, àbúrò rẹ̀ wà ní Kánádà. Nínú ilé oníyàrá mẹ́fà, ó ku bàbá nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e dé ọsibítù ní Ìdó. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mirí.

"Bàbá, ta lẹ máa ń bá jẹun?"

Irọ́ gbọọrọ ló jáde lẹ́nu bàbá. "Háà, èèyàn mi pọ̀! Wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n sinmi."

"Ó dára. Dídá nìkan wà a máa ba ara àgbàlagbà jẹ́, bíi ti iyọ̀ àjẹjù. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì òní, ẹ mú ẹnì kan wá nínú wọn, kó wá sọ fún mi bí ẹ ṣe ń jẹun."

Níbo ni bàbá yóò ti rí èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ará ìlú, ṣé òun náà ló máa wá máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun jókòó? Ojú tì í.

Ìgbà náà ló rántí odó. Bí òun bá gúnyán, àwọn èèyàn á gbọ́, wọn á yà, òun á ní, "Ẹ wá jẹun," ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́jọ́ kìíní, ó gún iṣu gidi. Ẹnikẹ́ni kò yà. Iyán ọ̀hún kún fún kókó, òun nìkan ló sì jẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìkanra. Láti ọjọ́ kẹta, ó rẹ àpò ògbólógbòó kan sómi, ó tì í bọnú odó, torí ohùn odó òfìfo yàtọ̀, kò sì sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án gangan, gbì, gbì, gbì! Á gún díẹ̀, á yọjú lójú fèrèsé, kò ní í rí ẹnì kan, á tún padà lọ fìyà jẹ àpò.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Adégbóyè tí wọ́n jọ ń kọrin nínú kwáyà dì mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú àlejò o! Mo fẹ́ yà sí ulé yín lọ́jọ́rú, mo bá gbọ́ odó. Mo ní kí n má lọ dàbí ẹni tó wá ṣọ́ uyán."

Ẹnu ya bàbá. Àṣé gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́! Wọ́n rò pé àlejò ló kún ilé rẹ̀, ni wọ́n bá fi ìwà ọmọlúàbí gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ odó ló fi ń lé èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jáwọ́ báyìí, wọn á ní níbo làwọn àlejò gbà lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé tí ìpàdé Ìdó ku ọ̀la, ó tún ń gún un.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí gbà! Victoria, ìyá Olúṣọlá, díákónẹ́ẹ̀sì, opó tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn fẹ́ńsì, ló wọlé tìbínú-tìbínú.

"Bàbá Jùwọ́nlọ, ẹ ò ṣe é re! Láti ijọ́ tí mo ti ń gbọ́ uyán nínú ulé yìí, òkèlè kan kò kọjá fẹ́ńsì! Nígbà tí Àbẹ̀ní wà láyé, abọ́ tèmi ló kọ́kọ́ ń bù!"

Ó na ọrùn wo inú odó. Àpò tútù ló bá níbẹ̀.

"Àpò ni mò ń fọ̀," ni bàbá wí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá fẹ́ bínú, ẹkún ló gbọ̀n ọ́n.

"N kò rẹ́ni bá jẹun, Ìyá Olúṣọlá. Ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì sì ní kí n mú ẹni tí mò ń bá jẹun wá lọ́la."

Ẹ̀rín tán lójú màmá. "Èmi tí mo wà lẹ́yìn fẹ́ńsì ńkọ́? Mo dá jókòó ti abọ́ mi, mò ń jowú àlejò yín!"

Ó ju àpò síta, ó lọ gbé iṣu wá, òun fúnra rẹ̀ ló gún un. Kókó kan kò sí níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ títí bàbá fi tú okùn ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ìdó lọ́la, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé a máa ń jọ jẹun."

Màmá fajú ro. "Díákónẹ́ẹ̀sì kì í purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la jọ jẹ."

"Kí la ó ti wá ṣe é sí?"

"Bí a bá tún jẹ nírọ̀lẹ́ yìí, tí a sì jẹ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́."

Bàbá ti yó dé ọ̀fun, àtidìde gan-an ti diṣẹ́. Síbẹ̀, ó dìde, ó lọ gbé omi kaná.