Sítáǹpù Bàbá Onígìtá

Àlùbọ́sà ni mo ń gé lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná wa ní Al Qusais, ní Dubai, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí gìtá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú fóònù ẹ̀gbọ́n Múfú. Ẹkún ni mo pè é nítorí n kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Orin kọ́ńtírì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fi irin fa okùn gìtá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi gùn bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ẹnìkan láti òkèèrè. Ọbẹ dúró lọ́wọ́ mi. Omi tó wà lójú mi, n kò lè búra pé ti àlùbọ́sà nìkan ni.

Bedspace ẹ̀gbọ́n Múfú, ìyẹn àyè ibùsùn tó ń háyà, ló kọjú sí tèmi nínú yàrá tí a jọ ń gbé, ó sì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Jebel Ali. Adájọ́ ló ń pè mí, láti ọjọ́ tí mo ti ní kó mú ẹ̀rí wá pé ìrẹsì tí òun ń sè dára ju tèmi lọ.

"Adájọ́, wá wo nǹkan," ó ní. "Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé bàbá yìí sórí sítáǹpù. Ọ̀gá pátápátá ni nínú àwọn olórin kọ́ńtírì. Wọ́n ní kí ayé má bàa gbàgbé rẹ̀ ni."

Mo nu ọwọ́, mo gba fóònù náà. Òyìnbó kan ni, ó dé fìlà etí gbọọrọ, ó gbá gìtá mọ́ àyà. Mo wò ó pẹ́. Eékún mi ti fẹ́ tẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì dá ara mi dúró, nítorí kò dá mi lójú pé òun ni.

Kí ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka èyí má bàa rò pé orí mi ti dàrú, mo gbọ́dọ̀ mú yín padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà mi.

Káfíńtà ni bàbá àgbà. Ariwo ẹ̀rọ ìlàgi ló máa ń jí wa láàárọ̀ ní ìlú náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ nǹkan díẹ̀ nípa pákó, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ní òun lè di ojú kí òun fi imú mọ ìrókò yàtọ̀ sí afàrá. A gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó dán an wò. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ pákó sílẹ̀ pálọ̀ òkè, pákó náà sì máa ń sọ̀rọ̀: ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè mọ ẹni tó ń rìn lókè láìgbé ojú sókè, bóyá Màmá ni, ìyẹn ìyá àgbà mi, tàbí àlejò tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀.

Àwọn àwòrán ẹbí wà lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá tó bí bàbá àgbà mú agbòòrùn dání bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀ nínú ilé ayàwòrán. Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bàbá mi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ìgboyè tó tóbi jù fún un. Láàárín wọn, nínú férémù tí wọ́n fi igi kan náà ṣe, òyìnbó kan jókòó pẹ̀lú gìtá. Páálí tí wọ́n fi ń di àwo orin ni. Bàbá àgbà ló gé e, tó fi díńgí bò ó, tó sì gbé e kọ́ sáàárín ẹbí.

Ìsàlẹ̀ páálí náà ni wọ́n kọ orúkọ olórin náà sí, ṣùgbọ́n bàbá àgbà jẹ́ kí etí férémù fẹ̀ tó láti bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Màmá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà máa pe orúkọ àgbàlagbà lójú rẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá Onígìtá ni gbogbo ilé ń pè é, ọ̀wọ̀ náà sì pọ̀ débi pé a dàgbà tán láìmọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọdún tuntun, kí a tó jẹ ohunkóhun, a máa ń kí àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àwa á dọ̀bálẹ̀: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kú àti ẹni tó wà láàyè. Bàbá mi tó dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ náà gba ìkíni lára ògiri kó tó gbà á ní ìdúró. Bàbá Onígìtá gba tirẹ̀. Nígbà kan tí kátíkísì wá kí wa tó sì bá wa lórí ilẹ̀ níwájú òyìnbó, ó béèrè bóyá ère la ń bọ. Bàbá àgbà ní rárá, ìkíni lásán ni, ó sì fa àga fún un. Èmi náà béèrè nígbà kan bí Bàbá Onígìtá ṣe jẹ́ sí wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni bàbá àgbà wí, ó sì ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gba ti imú àti ìrókò. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì nígbà tí tíṣà ní kí oníkálùkù sọ̀rọ̀ nípa ẹbí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Òyìnbó, bí mo ṣe dúdú tó yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá àgbà á gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ gírámófóònù, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Àwo náà ti ha, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ sì ti bó dànù. Tí abẹ́rẹ́ bá dé ibì kan, á há, olórin náà á sì máa tún ìdajì ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí akólòlò. Ọmọ tó bá sún mọ́ ẹ̀rọ náà jù ló gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lu pákó, gbì. Abẹ́rẹ́ á fò, orin á sì máa lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. A máa ń jà sí i.

Ìgbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni Màmá tó sọ fún mi pé ọmọ kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi, ọmọ tó ti ń rìn, tó ti ń pe orúkọ. Bàbá àgbà dákẹ́. Kò bá a sọ̀rọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn wá, wọ́n sì padà sílé wọn. Ohùn inú àwo yẹn nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Màmá ní òun àti bàbá àgbà kò gbọ́ ohun tí olórin náà ń wí dáadáa, ṣùgbọ́n ó jókòó tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi di ẹ̀gbọ́n.

Bàbá àgbà ti lọ báyìí. Lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, ìjì ká òrùlé, òjò sì wọ pálọ̀. Wọ́n rí àwọn àwòrán yòókù gbà, wọ́n sì tún wọn kọ́, ṣùgbọ́n páálí kò ní agbára òjò, àwọn àwo orin wa sì ká kò bí ewé gbígbẹ nínú oòrùn tó tẹ̀lé e. Ohun tó kù fún Bàbá Onígìtá lára ògiri ni ìṣó. Kò pẹ́ sí i tí mo fi bá iṣẹ́ wá sí Dubai, kò sì sí ìgbà tí mo pe Màmá tí kì í dárúkọ ìṣó yẹn. Ó ní àwọn ọmọ kéékèèké ń kí gbogbo ẹbí lọ́dún tuntun, wọ́n sì ń fo ẹnìkan. Ó ní òun kò fẹ́ kú kí àyè rẹ̀ ṣófo.

Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ sítáǹpù yìí kì í ṣe eré lójú mi. Tó bá jẹ́ òun ni, mo lè dá a padà sílé. Tí kò bá jẹ́ òun, àlejò ni mo fẹ́ ti wọ inú ẹbí, tí n ó sì ní kí àwọn ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Mo wádìí. Màmá kò mọ ìwé kà, bàbá àgbà kò sì dárúkọ rẹ̀ fún un rí. Bàbá mi ní òun náà kò mọ orúkọ rẹ̀ rí. Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ó ní irùngbọ̀n. Bàbá mi ní kò ní irùngbọ̀n, òjìji fìlà ni. Èmi rántí pé ọrùn gìtá rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ara ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ló wà, nítorí náà kò sí bí gìtá inú àwòrán ṣe lè kọjú síbẹ̀. Tí èyí kò bá jẹ́ òótọ́, kí ló kù nínú ohun tí mo rántí?

Mo padà gbọ́ orin náà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n Múfú. Ohùn náà jọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí mo rò pé abẹ́rẹ́ ti máa ń fò, gbólóhùn kan wà tí n kò gbọ́ rí láyé mi, ó sì jẹ́ kí gbogbo orin náà di tuntun. Síbẹ̀, kí ó tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti gbéra nílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n Múfú. Ó ní khalas, ẹjọ́ ti parí. Mo ní ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, sí ọ̀dọ̀ bàbá kan ará Kérálà tó ń ta sítáǹpù àti owó àtijọ́, tó ti bá mi wá ọ̀kan lára sítáǹpù olórin náà. Ó fi ẹ̀mú kékeré gbé e, ó ní, habibi, ọ̀rẹ́ mi, má fọwọ́ kàn án. Ó béèrè bóyá mo ń kó sítáǹpù jọ. Mo ní rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹbí mi. Ó wo ojú mi, ó wo ojú sítáǹpù, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó wá sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi alààyè sórí sítáǹpù wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù níbẹ̀: olórin náà ti kú lóòótọ́. N kò rò ó rí. Ní ilé wa, kò sí ẹni tó sọ pé Bàbá Onígìtá kú. Kò sí bí wọ́n ṣe máa túfọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ohun mìíràn tún dà mí láàmú nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní iyì ni wọ́n fi bù fún un, àmọ́ ènìyàn á fi itọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á sì fi òǹtẹ̀ dúdú gbá a lójú. Bàbá àgbà tó bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, kí ni ì bá sọ sí èyí?

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Màmá. Ojú rẹ̀ ti ṣú báyìí, nítorí náà etí rẹ̀ ni mo fẹ́ lò. N kò sọ ohunkóhun fún un. Mo ní kí Bísọ́lá, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, gbé fóònù sórí tábìlì ní pálọ̀, mo sì fi orin ọkùnrin inú sítáǹpù sí i. Ẹ̀gbọ́n Múfú jókòó tì mí bí akọ̀wé kóòtù. A ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí. Orin ń lọ. Kí ó tó dé ibi gbólóhùn yẹn gan-an, a gbọ́ ọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó: gbì.

Ẹ̀gbọ́n Múfú fò dìde. Mo ní kó jókòó. Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ ṣe, nítorí ẹ̀rí tí a kò fi nǹkan mìíràn dán wò kò tíì tó. Mo fi orin olórin kọ́ńtírì mìíràn sí i, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ó lọ díẹ̀. Gbì.

"Adájọ́," ẹ̀gbọ́n Múfú rọra wí, "o ti ba ẹjọ́ jẹ́."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo sọ ti sítáǹpù, mo ní kò dá mi lójú pé òun ni, mo sì bi í ìdí tó fi lu pákó sí méjèèjì.

"Gbogbo àwo wa ló máa ń há, ọkọ mi," ó ní. "Èmi kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Mo ní ó ku nǹkan kan, mo sì ń wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀. Mo ní ẹni inú sítáǹpù náà, wọ́n ní kò sí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà rẹ ni, bàbá àgbà rẹ sì ti lọ. Níbo lo rò pé ó wà? Gbé ẹni tí o rí wá. Tí kì í bá ṣe òun, kó jókòó dè é. Kò kúkú ní gba àyè."

Alhaja Rìsí, ará ìlú wa tó ń wá ra aṣọ ọmọdé ní Deira, ló bá mi gbé sítáǹpù náà lọ sílé nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìyókù igi bàbá àgbà ṣe férémù rẹ̀, bí ti àwọn yòókù, kí ó má bàa rí bí ọmọ ọ̀dọ̀ láàárín wọn. Bísọ́lá fi fídíò ọdún tuntun ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọmọ náà ń kí àwọn àwòrán láti òkèèrè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ibi ìṣó yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kí wọ́n fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan díńgí, kí wọ́n tó lè rí ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọmọ kan béèrè bí ó ṣe jẹ́ sí wọn. Màmá dá a lóhùn láìyí orí padà: ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà yín ni.

N kò mọ̀ bóyá òun ni títí di òní. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ̀gbọ́n Múfú bá fi orin náà sí i, mo máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ilé ìdáná, tó jẹ́ táìlì, tí kì í dáhùn. Orin náà kì í fò. Á lọ tààrà wọ inú gbólóhùn tí n kò gbọ́ rí yẹn, tí ó ṣeé ṣe kí bàbá àgbà ti mọ̀ kí àwo tó ha, tí ó sì ṣeé ṣe kó máà mọ̀. Mo máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ fún àwa méjèèjì.