Ọjọ́ Tí Bàbá Lu Òǹtẹ̀ Síwájú Orí Mi

Àárọ̀ Sátidé ni, òórùn íńkì sì ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé tí Bàbá mi ti ń ṣe olùyẹ̀wò ní Ọ̀fà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi awò wo àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bí òdo kan bá fẹjú díẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, ó di pàǹtí. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọn yóò wí. Ìdì tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ "Ó DÁRA" mọ́ lára.

Èmi náà fẹ́ ṣe ọ̀gá. Mo ń pọ́n ìka lá, mo fi ń ṣí àwọn tó ti bàjẹ́, títí ahọ́n mi fi dúdú. Mo wá bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀.

"Irin lúbúlúbú wà nínú íńkì yìí," ni wọ́n wí. "Òòfà ni ẹ̀rọ báǹkì fi ń dá a mọ̀."

Mo gbé itọ́ mì. Irin ti wọ inú mi nìyẹn.

Ojú irin rélùwéè ni a sì ń gbà kọjá lọ sílé ìwé. Tíṣà wa ti fi òòfà fa abẹ́rẹ́ hàn wá rí, lójú tèmi sì rèé, irin tó bá ti tóbi, òòfà ni. Ta ló wá ní ọkọ̀ ojú irin gbọọrọ yẹn ò ní fa èmi kékeré mọ́ra dé Ìbàdàn? Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ìdánwò ń bẹ̀rẹ̀, mo di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà," ni Màmá wí, "òpó wá ni Sìdí ń bá jà!"

"Mo ti lá íńkì! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, rélùwéè máa fà mí lọ!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi awò wo ahọ́n mi, wọ́n yọ òòfà inú rédíò tó ti kú, wọ́n gbé e lé mi níkùn. Ó já bọ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún já bọ́. Ni wọ́n bá fa òǹtẹ̀ yọ nínú àpò iṣẹ́ wọn, gbàm, síwájú orí mi: Ó DÁRA.

Bí mo ṣe sọdá ojú irin nìyẹn, tàyàtàyà, tí mo sì fi òǹtẹ̀ lórí ṣèdánwò níwájú gbogbo kíláàsì tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ti di olùyẹ̀wò ṣẹ́ẹ̀kì báyìí. Mo mọ̀ pé íńkì tí mo lá ò lè fa abẹ́rẹ́ kan. Bàbá ti lọ, àárò wọn sì ń sọ mí. Bí àyà mi bá ń já, iwájú orí ni mo máa ń fọwọ́ pa. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi o: bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, mo ṣì máa ń wá òpó dì mú.