Ọpẹ́ Tó Lé Olóore Lọ

Ohùn ìyá mi ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi létí tí mo bá rántí ọdún kejì mi ní yunifásítì ní Calgary, kì í ṣe òtútù, bẹ́ẹ̀ òtútù ọdún yẹn kò mọ níwọ̀n. Voice note wọn máa ń gùn ju ìwàásù lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú rẹ̀: ta lẹni náà? Màá wọ train ní Rundle, níbi tí mo ń gbé nínú basement ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Big Mummy, ìyá mi á sì máa béèrè létí mi títí tí màá fi dé ilé-ìwé. Mi ò lè dá wọn lóhùn, torí èmi náà ò mọ ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ló bí ìbéèrè yẹn. Bàbá mi ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nílé, náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, dọ́là sì ni ilé-ìwé mi ń gbà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí rán kò tó ìdajì owó sáà tó ń bọ̀ ní January. Bí mi ò bá san ìyókù, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò ní kíláàsì. Bí wọ́n bá yọ orúkọ mi, study permit mi wọ gàù nìyẹn, ilé yá. Ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti fi kọ́ engineering á wá di ìtàn.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fraternity níbí. Ká sọ òótọ́, ẹran ló mú mi wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì sọ pé wọ́n máa ń sun ẹran lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, èmi tí mo ti ń fi noodles sùn láti Wednesday, kí ni mo tún fẹ́ rò sí i? Àwọn tó ti jáde, ìyẹn àwọn alumni, ló ń dá owó jọ tí wọ́n fi ń tún òrùlé ilé náà ṣe, tí wọ́n sì fi ń ran ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó bá dojú rú fún lọ́wọ́. Àwọn old students ilé-ìwé girama wa nílé náà máa ń dáwó, àmọ́ tí wọ́n bá kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olójúlé méjì péré, orúkọ gbogbo wọn ni wọ́n máa kọ sára ògiri rẹ̀, títí kan ti ẹni tó ṣèlérí tí kò san.

Akọ̀wé àwọn alumni yìí, bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ epo rọ̀bì, ló pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó máa san gbogbo ìyókù, àmọ́ kò fẹ́ kí n mọ òun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà rò pé òòyì ló gbé mi, ó sáré lọ bu omi wá.

Ayọ̀ yẹn ni mo fi pe ìyá mi lórí fóònù, agọ̀ ni mo sì gọ̀ tí mi ò pa ọ̀rọ̀ náà dà. Mo pe ohun tó ń jẹ́ fraternity sí etí ìyá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni gbogbo ayé mọ orúkọ yẹn sí. N ò sì lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò wọn ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ilé wọn, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí ẹnì kan tí ẹbí kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sanwó yàrá, tó ń ra bàtà fún un. Ìgbà tí ẹbí fi máa mọ irú ẹni tó ń náwó náà, òkú ọmọ ni wọ́n ní kí wọ́n wá gbé. “Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ni ìyá mi sọ. “Owó tí kò lójú, má gbà á. Jẹ́ kí n bá ẹni náà sọ̀rọ̀, kí n fi ẹnu ara mi dúpẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dá a padà kí o máa bọ̀ nílé. Ọmọ tó wà láàyè wù mí ju engineer lọ.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ bá akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ohun kan náà: anonymous ni anonymous ń jẹ́, ọkùnrin náà kò fẹ́ ọpẹ́, kí n lọ kàwé mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ìyá mi, inú sì tún bí mi sí olówó náà fúnra rẹ̀. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ta ló wá bí ẹni tó ń ṣe oore tó ń sá fún ọpẹ́, tó fẹ́ sọ mí di ọlọ́ṣà tipátipá?

Big Mummy ló rí ọ̀nà, tàbí ohun tí a pè ní ọ̀nà. Mo ti sọ fún wọn pé àwọn alumni máa ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Beltline, láàárín ìlú. Wọ́n ní ó ti parí: ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọpẹ́ á mọ olówó rẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mo ní Big Mummy, ẹ gbọ́n gan-an. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ibẹ̀ ní Saturday, Big Mummy nínú léèsì àti gèlè, èmi pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ìyá mi lórí fídíò. Mo ń dọ̀bálẹ̀ nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, Big Mummy ń kúnlẹ̀, fóònù ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì. Ìyá mi ń fi gẹ̀ẹ́sì wọn bi àwọn arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Sir, is it you?” Wọ́n ń fèsì pé rárá, ojú ń tì wọ́n, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, akọ̀wé sì dúró nídìí kọfí, ojú rẹ̀ le koko.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyá mi gbà. Wọ́n ní àwọn ti rí ojú wọn, àgbààgbà ni wọ́n, ẹni tó ń jẹun àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní gbangba kò jọ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Mo sùn bí ọba.

Ní Monday, akọ̀wé pè mí. Ó ní wọ́n ti san owó mi, àmọ́ olóore náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá mi bi í bóyá òun ni, ó sì ní láti purọ́ fún wọn lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń san ti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní san fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ bẹ̀ ẹ́. “Ta lo fẹ́ lọ bẹ̀?” ni akọ̀wé bi mí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ilé-ìwé tán lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó mú mi wọ ẹgbẹ́ náà, òun náà ti òkè òkun wá bíi tèmi, kò sì sí ẹni tó máa san án. Èmi ni mo bá a gbé àpótí dé airport. N kò lè sọ fún un pé ohun tí mo ṣe ló fà á.

Auburn Bay, ní Calgary kan náà, ni mo ń gbé báyìí, mo ní iṣẹ́, mo ní ìyàwó, ọmọ mi wà ní daycare, èmi náà sì ń san owó akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọọdún nípasẹ̀ ilé-ìwé mi àtijọ́. Fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè bóyá kí wọ́n fi orúkọ mi pa mọ́. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo kọ nọ́ńbà mi, mo ní tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó pè mí. Látìgbà náà, email ìdúpẹ́ onílà mẹ́ta nìkan ni mo ń rí gbà láti ọ́fíìsì wọn, gbogbo rẹ̀ jọra. Mo máa ń kà á, màá pòṣé, ìyàwó mi á ní ṣebí èmi náà ò jẹ́ kí ẹnì kan sinmi nígbà kan rí. Lóòótọ́, mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó fi orúkọ pa mọ́ kò ní jókòó ti fóònù.

Ìyá mi ò yé béèrè bóyá ìyá akẹ́kọ̀ọ́ tọdún yìí ti pè. Mo fi ìbínú dá wọn lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò pè, pé àwọn ọmọ òde òní ò moore. “Bóyá ẹ̀rù ló ń ba ìyá rẹ̀,” ni ìyá mi sọ. “Fún un ní nọ́ńbà tèmi.”

Mo ti kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, lábẹ́ tèmi.